Ìhàlẹ̀ Kọ́ Là Ń Fi Kọ́ Nọ́ọ̀sì

Ó ń dùn mí dọ́kàn bí mo bá rí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn nítorí pé kò tètè rí ohun tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ń bú u níṣojú aláìsàn tó yẹ kí ó tọ́jú. Ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ ń pè é ní Nàìjíríà; wọ́n á ní bí wọ́n ṣe ṣe fún àwọn náà nìyẹn. N kò gbà. A ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí a fi ọmọ ọlọ́mọ wọ́lẹ̀.

Inú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé kiri láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, tí àgbà nọ́ọ̀sì ní láti fọwọ́ sí, ni agbára tí ọ̀gá fi ń halẹ̀ mọ́ ọn wà. Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀gá lè kọ̀ láti fọwọ́ sí i yóò panu mọ́. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí pé bí ìwọ̀n oògùn tí wọ́n kọ bá rú u lójú, kò ní lè béèrè, aláìsàn ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ní 2022, Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn 190 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, èyí tó lòdì sí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́, tó sì dáàbò bo àwọn tó wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ pẹ̀lú. Ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kàn yan ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fẹjọ́ sùn, tí kì í ṣe ọ̀gá wọ́ọ̀dù, kí fífọwọ́ sí ìwé náà má sì sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo mọ́.