Ọyẹ́ kò lè dá mi padà sílé mọ́

Ọdún mẹ́ta léraléra ni ọyẹ́ fi dá mi padà sínú ilé. Láti oṣù Ẹ̀bìbí títí dé Bélú, ẹ ó máa rí mi lójú ọ̀nà láràárọ̀ tí mò ń rìn fún ìlera ara mi. Bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti wọlé báyìí, tí ojú ọ̀run funfun bí ẹni da eérú sí i, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là, ó parí nìyẹn. Mo ti bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní ó di ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀. Kí òjò ọ̀hún tó dé, ara ti wúwo, orókún ti ń ké, mo tún wá bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.

Aránṣọ ni mí ní Kétu níhìn-ín, ní ilẹ̀ Benin. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé ìjókòó la fi ń jẹun: láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìdí lórí àga, ẹsẹ̀ lórí maṣín. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ mi ru, tí nọ́ọ̀sì ní láti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ohun tó kọ́kọ́ rí kò yé e, ó fún mi lóògùn, ó sì ní kí n máa rìn. Ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa lo 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ fún ohun tó ń mú ọkàn ṣiṣẹ́ díẹ̀. Mo pín in sí ọjọ́ márùn-ún, ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́. Kí n kúrò nílé dé Àkàbà Ìdẹ̀na, ibodè àtijọ́ tó ti wà níbẹ̀ kí ogun Dàhómì tó kó Kétu ní 1886, kí n sì padà, ó tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ bí mi ò bá dúró kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ta ló ń rìn ní Kétu tí kì í dúró kí ènìyàn?

Aago ni mo kọ́kọ́ ṣì. Gbogbo ayé ló ń sọ pé ìdájí ló dára jù fún ìrìn. Nígbà òjò, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà ọyẹ́, ìdájí gan-an ni òtútù ń mú jù, nítorí pé kò sí ìkuukùu tí yóò bo ilẹ̀ lóru, gbogbo ooru tí oòrùn kó sínú ilẹ̀ lọ́sàn-án ló ń sá lọ. Afẹ́fẹ́ tútù tún wúwo, ilẹ̀ ló ń jókòó sí. Èéfín ẹni tó ń dín àkàrà, èéfín ìdọ̀tí tí wọ́n ń sun lẹ́yìn ilé, èéfín igbó tí àwọn kan fi iná sí, kò rí ọ̀nà gòkè. Èmi á wá yanu, mà á máa gbé gbogbo rẹ̀ mì láago márùn-ún ààbọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo dé ẹnu ibodè, imú mi ń ṣàn, mo fi etí ìró nù ún. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló sọ fún mi pé òtútù máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti ń ru tẹ́lẹ̀ yóò sì tún ru sí i. Nítorí náà, aago mẹ́jọ ni mò ń jáde báyìí, lẹ́yìn tí mo bá ti mu ògì gbígbóná, tí mo ti gbálẹ̀, tí ara ti jí. Kì í ṣe pé kò ní ìnira. Àwọn oníbàárà mi ń ráhùn. Ọ̀kan bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ìyá, ṣé ẹ ti di òyìnbó ni?” Mo ní kó wọlé jókòó dè mí. Ìrọ̀lẹ́ kò bá mi lára mu, torí ìgbà yẹn ni àwọn zémidjan, àwọn ọlọ́kadà wa, ń kó èrò padà láti oko, eruku pupa tí wọ́n ń tú sókè tó ẹni tó fẹ́ fi mọ ilé.

Ọmọbìnrin mi tó wà ní Montréal ló là mí lójú. Mo ń ṣàròyé ọyẹ́ fún un lórí fóònù, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, òtútù wo lẹ̀ ń sọ? Ogún ló fi wà nísàlẹ̀ òdo níbí láàárọ̀ yìí, mo sì jáde.” Mo ní kí ló ń wá lóde. Ó ní bí òun bá ń dúró de ojú ọjọ́, oṣù mẹ́rin gbáko ni òun ó fi jókòó. Ó yí abẹ́ bàtà rẹ̀ sókè kí n wò ó: irin ṣóńṣó ṣóńṣó lára rọ́bà, tí ń gún yìnyín kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀. Ó ní bíi pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń rìn lórí rẹ̀, ìṣísẹ̀ kéékèèké, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ kì í sì í gbé inú àpò, torí ọwọ́ ló ń jẹ́ kí ara dúró. Lọ́jọ́ tí yìnyín bá sì bo ojú ọ̀nà tó ń dán bíi dígí, abẹ́ ilẹ̀ ló ń lọ. Wọ́n ní ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tó so àwọn ilé ìtajà àti ibùdó ọkọ̀ ojú irin pọ̀, gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 30.

Mi ò ronú sí irin abẹ́ bàtà. Ohun tí mo gbé sùn ni pé ọmọ yìí ní ibì kejì. Èmi, ọ̀nà ibodè nìkan ni mo mọ̀. Bí kò bá ti ṣeé lọ, mo di ẹni àgbélé.

Àgbàlá wa wá di ibì kejì. Mo ka ẹsẹ̀ rẹ̀, ogójì àyíká ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí n má bàa ṣì í kà, mo da ogójì hóró àgbàdo sínú abọ́ lórí òkúta, bí mo bá yí i ká lẹ́ẹ̀kan, mà á mú hóró kan jù sínú abọ́ kejì. Lọ́jọ́ kìíní, inú mi dùn débi pé mo ń kọrin. Mo dé àyíká kẹẹ̀ẹ́dógún, mo rí adìyẹ lórí òkúta. Òkúta wẹ́wẹ́ ni mò ń lò nísinsìnyí. (Irọ́ ni. Àgbàdo ṣì ni, ọmọ-ọmọ mi ló ń lé adìyẹ.)

Bí mo ṣe ń mọ ọjọ́ àgbàlá nìyí: igi oṣè kan wà lókèèrè tí mò ń wò láti ẹnu ọ̀nà mi. Bí mo bá rí ẹ̀ka rẹ̀, mo lọ. Bí ó bá kàn ṣú lójú bí òjìji, mo rìn díẹ̀, mo padà. Bí mi ò bá rí i rárá, mi ò tilẹ̀ so bàtà ọ̀nà ibodè, àgbàlá ni. Eruku yìí kì í ṣe ti ìgboro wa nìkan. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, púpọ̀ rẹ̀ láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ó sì kúnná ju ìyẹ̀fun lọ. Ìyá Ìbejì tí a jọ ń rìn ní ikọ́ fée. Lọ́jọ́ tí oṣè bá pòórá, òun kì í yọjú sí àgbàlá pàápàá, dókítà rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, mi ò sì bá a jiyàn.

Ní ti aṣọ, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí aránṣọ. Ẹ fi ṣúẹ́tà nípọn yẹn sílẹ̀. Kí ẹ tó rìn jìnnà, òógùn á bò yín, ẹ ó bọ́ ọ, atẹ́gùn á sì gbá yín láyà. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, ọ̀kan lórí ọ̀kan, ló dáa, èyí tó wà lókè ṣeé so mọ́ ìbàdí. Èyí tí ẹ ó fi bo imú, kó jẹ́ aṣọ òwú tó ti gbó, ní ìṣẹ́po méjì. Ọ̀rá inú aṣọ olówó pọ́ọ́kú kì í jẹ́ kí ènìyàn mí. Mo gé tèmi láti ara ìró kan tó ti ṣá. Bí mo bá tú u nígbà tí mo délé, màá rí òbìrípo méjì aláwọ̀ erùpẹ̀ níbi tí ihò imú mi wà. Mo ti fi han Baba àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà náà, òun náà ní kí n gé tòun.

Ẹsẹ̀ ló kù. Sálúbàtà ni mo fi rìn lọ́dún kejì, gìgísẹ̀ mi là débi pé ó ń kọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lóru. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni mò ń wọ̀ báyìí. Lálaalẹ́, mò ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹsẹ̀, mò ń fi òrí ra á, kí n tó wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Omi mímu náà, ẹ má dúró de òùngbẹ. Ọyẹ́ ń fa omi ara láìjẹ́ pé òógùn hàn.

Ọmọ mi pè lánàá, ó bi mí bóyá mo rìn. Oṣè ò hàn láti òwúrọ̀, mo ní àgbàlá ni. Ó ní àyíká mélòó? Mo ní ogójì, ṣùgbọ́n kó yọ mẹ́ta kúrò, ọmọ-ọmọ mi ti lọ síléèwé.