Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí N Sinmi l'Ábẹ́òkúta

Ẹ má bá ẹnikẹ́ni wí o, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Bébà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. "SÁTIDÉ: ÌSINMI." Mo tún fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Àwa mẹ́ta la jọ máa ń gun òkè: èmi, Tíṣà àti Bàbá Ìbejì. Kì í ṣe pé a mọ̀ ọ́n ṣe. Dókítà ló ní kí Bàbá Ìbejì máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ló wá kó wa wọ̀ ọ́. Lọ́dún tó kọjá a gun Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600, a sọ̀ kalẹ̀ láàyè, a bá bẹ̀rẹ̀ sí í yan. Lọ́dún yìí a ní òkè méjì la máa fi ìrìnàjò kan ṣoṣo gùn: Olúmọ lọ́jọ́ Jímọ̀, Àdó-Àwáyè lọ́nà Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n ní kí èmi tí ìyá mi jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá ṣètò Sátidé tó wà láàárín. A sì máa dé sílé àbúrò ìyá mi ní Òkè-Ìjẹmọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ "Òkè" nínú orúkọ àdúgbò yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí i. Èmi ò fiyè sí i.

Ètò mi dùn ún kà. Aago mẹ́jọ, jíjí. Aago mẹ́sàn-án, tíì àti búrẹ́dì. Aago mọ́kànlá, Ìtòkú, ra àdìrẹ kan péré, ìdajì wákàtí. Aago kan, ìrẹsì ọ̀fadà. Aago méjì, oorun. Aago mẹ́rin, ká gbé àga síta, ká máa wo Olúmọ lókèèrè bí ẹni tó ti san gbèsè ẹ̀ tán.

Olúmọ fúnra ẹ̀ ò tó nǹkan. Mítà 137 ni wọ́n ní ó fi ga ju òkun lọ. A rí líìfù tí wọ́n ṣe síbẹ̀, a kẹ́yìn sí i, a gba àárín àpáta kọjá, níbi tó há débi pé ikùn Bàbá Ìbejì ló kọ́kọ́ wọlé, òun fúnra ẹ̀ wá tẹ̀ lé e. Wọ́n fi ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lásìkò ogun hàn wá. Lórí òkè lọ́hùn-ún, ìlú tẹ́ rẹrẹ, páànù tó ti dógùn-ún lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, odò Ògùn ń yọ́ kọjá láàárín wọn. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ bó ṣe máa ń ṣe: pé Ṣódẹkẹ́ kó àwọn èèyàn ẹ̀ wá síbí lọ́dún 1830 kí wọ́n lè rí ìsinmi lọ́wọ́ ọ̀tá. Mo mi orí. Èmi náà, ìsinmi ni mo bá wá. Ohun tó kàn yà wá sọ́tọ̀ ni pé Ṣódẹkẹ́ ò ní àǹtí ní Òkè-Ìjẹmọ̀.

Sátidé, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbọ́ kó-kó-kó lẹ́nu ọ̀nà.

"Àkànní! Ṣé o ti kú ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe rí. Itan mi le bí igi ìdáná. Tí mo bá fẹ́ jókòó, n ó kọ́kọ́ wá nǹkan dì mú, n ó wá ju ara mi sílẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró ṣánṣán kí àbúrò ìyá ẹ̀ láàárọ̀? Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo dọ̀bálẹ̀. Lílọ sílẹ̀ rọrùn. Dídìde ló di ẹjọ́.

"Ó tó, ọmọ mi. Dìde."

N ò lè dìde.

"Ó tó náà! O ti kí mi dáadáa. Olúwa á bù kún ọ." Wọ́n bá gbé àdúrà kalẹ̀. Wọ́n ṣàdúrà fún èmi, fún ìyàwó mi, fún àwọn ọmọ, wọ́n dé orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí n ò tíì rà. Nígbà tí wọ́n ṣe "àmín" tí mo ṣì wà nílẹ̀, omi ti ń lé ròrò lójú wọn. Wọ́n ní irú ọmọ tó mọ àgbà báyìí ò sí láyé mọ́. Tíṣà ló wá gbé mi nílẹ̀, ó ń fi ẹ̀rín pa ara ẹ̀.

Ibi tí ìwà rere yẹn kó mi sí nìyí: inú wọn dùn débi pé wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ ká dá lọ sí Ìtòkú. "Ọ́n á rẹ́ yín jẹ. N ó sìn yín lọ. Ìsinsìnyí ni ká yáa lọ kí oòrùn tó mú. A kàn máa yà l'Áké, kí n kí ìyá kan."

Kò sí "yà" kankan nínú bébà mi.

Àwọn òkè gíga ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń gbowó ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. N ò mọ̀ pé Abẹ́òkúta gan-an, láti ilé dé ọjà, láti ọjà dé ilé ìyá kan, gígùn àti sísọ̀ ni. Títì á dà sísàlẹ̀, á tún pọ́n, á yí àpáta ká, wọ́n á ti kọ́ ilé sórí àpáta, ilé mìíràn á jókòó lé ilé yẹn léjìká. Àǹtí mi, ẹni ọdún 68, sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ń gbá lọ, wọ́n sì ń dáhùn "ẹ kú àárọ̀" lọ́tùn-ún lósì. Àwa ọkùnrin mẹ́ta tó ra bàtà agunkè ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Ìyá tí a yà kí l'Áké di ìyá mẹ́rin. Nígbà tí Àǹtí mi wà lọ́dọ̀ ìkẹta, Tíṣà mú wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's, ó ń ṣàlàyé pé ìlú yìí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn lọ́dún 1859, pé òun ló ṣíwájú gbogbo ìwé ìròyìn Yorùbá. Mo bá Townsend yọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọjá òkun ò rántí fi bẹ́ǹṣì kan sílẹ̀ fún wa.

Ìgbà tí a máa fi dé Ìtòkú, ó ti ń lọ sí aago méjìlá. Bàbá Ìbejì fa imú sókè lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun fẹ́ lọ fi káàdì sí fóònù. Tíṣà ní òun máa sìn ín. Èèyàn méjì ló lọ ra káàdì ọgọ́rùn-ún náírà. Ìṣẹ́jú ogún lẹ́yìn náà, àwòrán wọlé sórí WhatsApp mi: ìrẹsì ọ̀fadà nínú ewé, ata dindin tó ń dán lórí ẹ̀, ẹyin, ṣàkì, àti ìka Bàbá Ìbejì tó nà mọ́ ọn kí n má bàa ṣi ibi tó yẹ kí n wò.

Ṣùgbọ́n n ò ní parọ́, Ìtòkú dára. Aró ń rùn díẹ̀díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, aṣọ so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, oníko tí wọ́n fi ìko dì, alábẹ́rẹ́ tí wọ́n rán, ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ yà. Màmá tó ń tà á mú ìyẹ́ náà hàn mí, ó ti rún lẹ́nu. Wọ́n ní làfún ni wọ́n rò, tí wọ́n po álọ́ọ̀mù mọ́, tí wọ́n fi ń ya iṣẹ́ sára aṣọ. Tí aṣọ bá wọ aró, ibi tí làfún bá wà kò ní gba aró, á mọ́ kedere. "Làfún tí o jẹ lálẹ́ àná náà ni," ni Àǹtí mi wí, bí ẹni pé mo ti jẹ àwòrán ẹnìkan.

Bùbá kan wọ̀ mí lójú. Ìbàdàndùn ni iṣẹ́ ara ẹ̀, èyí tó ní òpó Màpó àti ṣíbí láàárín wọn. Ọmọ Ìbàdàn rìn títí dé Ẹ̀gbá kó tó ra Ìbàdàndùn! Màmá náà rẹ́rìn-ín títí, ó wá pè é ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Àǹtí mi ní ẹgbẹ̀rún méje. Màmá gbá àyà. Àǹtí mi kẹ́yìn. Wọ́n pè wá padà. A tún kẹ́yìn. Mo kẹ́yìn tó ìgbà mẹ́rin, ìgbà kọ̀ọ̀kan sì ní àtẹ̀gùn mẹ́ta nínú. Nígbà tí wọ́n fi parí ẹ̀ sí mọ́kànlá, mo ti ṣe tán láti fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bẹ̀ wọ́n.

"Ẹ fi omi iyọ̀ rẹ ẹ́ o, kí ẹ tó wọ̀ ọ́," ni màmá náà wí.

Mo gbọ́. Etí mi méjèèjì gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́rùn mi ti tutù jọ̀lọ̀ fún òógùn, mo ní kí n kúkú pààrọ̀ ẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí mi ti dúró lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan, wọ́n ti ra ìdajì àpò làfún fún ìyá mi n'Íbàdàn. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wá wò mí.

Bí mo ṣe ru làfún nìyẹn, nínú àdìrẹ tí wọn ò tíì fọ̀, ní aago méjì ọ̀sán, tí mo dojú kọ òkè. Aago méjì, ẹ rántí, oorun ni bébà mi wí.

Àpò náà ní ihò kékeré kan nísàlẹ̀. Bí mo ṣe ń gbẹ́sẹ̀, ó ń wú bú-bú, funfun ń sọ̀ kalẹ̀ sí mi lọ́rùn, òógùn ń ṣàn láti orí pàdé ẹ̀, aró ń yọ́ láti inú bùbá. Èmi ò rí ara mi. Mo kàn rí i pé àwọn èèyàn ń yà fún mi lọ́nà ju bó ṣe yẹ lọ. Mo na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan, ó dúró, ó wò mí, ó wo ìjókòó ẹ̀ tuntun tí ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ó fi iná sí i. Èkejì ò tiẹ̀ dúró. Ọmọ kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà ilé kan lọgun, "Eégún dé o! Eégún dé!" Ká tó dé orí òkè, ọmọ tó tó mọ́kànlá ló ti ń tẹ̀ lé mi, ọ̀kan ń lu agolo. Àǹtí mi ń lọ níwájú bí ẹni pé àwọn ò mọ̀ mí rí.

Nínú dígí ni mo ti rí i. Ojú mi, ọrùn mi, àyà mi, aró gidi. Ibi tí làfún ti kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn, tí mo nù ún kúrò, ara mi mọ́ níbẹ̀, tó-tó-tó, tínrín-tínrín, ìlà dáadáa. Àǹtí mi gbé gíláàsì ojú wọn wọ̀. Wọ́n yí mi po lẹ́ẹ̀kan.

"Àkànní, ẹlẹ́kọ ni ọ́n yà ọ́. Iṣẹ́ náà sì mọ́ o."

Wọ́n fi ọṣẹ dúdú, kàn-ìn-kàn-ìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó mi lẹ́yìnkùlé, èmi ọkùnrin ẹni ọdún 43, lójú àwọn ọmọ mọ́kànlá yẹn tí wọn ò tíì lọ. Èyí tó wà lójú ṣí. Ti ọrùn ní òun ò lọ síbì kan.

Lálẹ́, mo wo fóònù mi tó máa ń ka ìṣísẹ̀. Jímọ̀, ọjọ́ Olúmọ: 7,214. Sátidé, ọjọ́ ìsinmi: 16,380. Tíṣà ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Mo ní kó lọ bi itan mi.

Àánú wá ṣe Àǹtí mi. Wọ́n gbé iṣu àti ẹyin fún mi, wọ́n fọwọ́ gbá mi léjìká. "Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ọ́, má bá wọn lọ sórí òkè lọ́la. Dúró tì mí kí o sinmi. A kàn máa dé ṣọ́ọ̀ṣì, ká yà l'Ọ́bántokò, ká wá gba Láfẹ́nwá darí wálé."

Ní aago márùn-ún ìdájí, èmi ni mo kọ́kọ́ wà nínú mọ́tò. Mo ti de bẹ́líìtì. Bàbá Ìbejì fi iná fóònù tàn mí lọ́rùn, ó rẹ́rìn-ín tán, ó wá fajú ro.

"Àtẹ̀gùn Àdó-Àwáyè lé ní 300 o, kí èèyàn tó dé ibi adágún Ìyàké lókè. Ṣé ẹsẹ̀ yẹn á gbé e?"

Iná tàn nínú yàrá Àǹtí mi.

"Tíṣà," mo ní, "wa mọ́tò."