Iṣẹ́ Oòrùn, Iṣẹ́ Òjò: Títún Ilé Ṣe Lẹ́yìn Ọyẹ́ fún Òbí Tí Kò Ráyè

Ní ọdún tó kọjá, Sátidé mẹ́ta gbáko ni mo fi tún pálọ̀ wa ṣe. Mo tú kọ́tìnnì sílẹ̀, mo fọ̀ wọ́n, mo nu gbogbo àga, mo sì sọ àwọn àwòrán ara ògiri kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti nu eruku ọyẹ́ tó wà lẹ́yìn wọn. Nígbà tí mo parí, inú mi dùn pé ẹnikẹ́ni tó bá wọlé yóò mọ̀ pé a ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní òru ọjọ́ kan láàárín oṣù Kẹta, àkọ́rọ̀ òjò dé pẹ̀lú ìjì, ó ṣí páànù kan lórí yàrá àwọn ọmọ, omi sì dà sórí fóòmù tí wọ́n ń sùn lé. Bí mo ṣe ń sáré kó ẹrù kúrò lójú omi nínú sítóò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá náà ni mo rí i pé eku ti jẹ ìdí àpò gàrí lu, ìgbẹ́ rẹ̀ sì wà káàkiri ibi tí a to iṣu sí. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó sì dùn mí dé ọkàn, nítorí kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ. Iṣẹ́ tó yẹ kó gbẹ̀yìn ni mo fi ṣíwájú.

Olùkọ́ ni mí ní Adó-Èkìtì. Ìkọ̀lé ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé ló ń lọ, alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ló ń dé. Ọmọ mẹ́ta la bí: àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, èkejì jẹ́ mẹ́jọ, àbíkẹ́yìn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́ta. Tí mo bá yọ iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́, oúnjẹ, ọjà àti iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ kúrò, ohun tó kù fún mi kò ju bí ìdajì wákàtí lọ lálẹ́ àti òwúrọ̀ Sátidé. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, tí a ti mọ̀ sí ọjọ́ ìmọ́tótó ní Nàìjíríà láti ayé ìjọba ológun àwọn ọdún 1980, ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ojú pópó máa ń dákẹ́, kò sì sí ẹni tó ń retí wa níbi kankan kí aago mẹ́wàá tó lù. Òbí tí àkókò rẹ̀ kò ju èyí lọ kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́. Yíyàn ni ó gbọ́dọ̀ yàn.

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí a ń kà lórí ọ̀rọ̀ yìí ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wá. Ìgbà ìrúwé, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, ni wọ́n ń tún ilé tiwọn ṣe, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi gbogbo ìgbà òtútù pa fèrèsé dé; láyé àtijọ́, èéfín igi àti èédú tí wọ́n fi ń yá ilé a ti bo ògiri kí ojú ọjọ́ tó móoru. Ó bá ilẹ̀ wọn mu. Ní tiwa, atẹ́gùn ọyẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ń kó eruku wọlé, láti bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, ìgbà tó sì ń kásẹ̀ nílẹ̀ gan-an ni omi kànga máa ń lọ sílẹ̀ jù. Lágbègbè Bàsírí tí à ń gbé, korobá ti máa ń kan yanrìn ìsàlẹ̀ kànga wa ní ìparí oṣù Kejì. Síbẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni mo ń fọ kọ́tìnnì mẹ́jọ.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá kí wa láti Ìjerò lẹ́yìn ìjì náà, ni wọ́n là mí lójú. Wọ́n wo fóòmù tí a sá sẹ́yìn ilé, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, iṣẹ́ oòrùn yàtọ̀, iṣẹ́ òjò yàtọ̀. Kí ló dé tí o fi omi kànga ṣe iṣẹ́ òjò nígbà tí oòrùn ń ṣòfò lóde?” Mo dá wọn lóhùn pé, “Òótọ́ lẹ sọ, mà.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn, òun ni mo sì fi to iṣẹ́ ti ọdún yìí. Ohun tí oòrùn ń bá ni ṣe, tí kò ní ṣeé ṣe mọ́ bí ilẹ̀ bá tutù, ni à ń ṣe láti oṣù Kejì títí òjò yóò fi dé. Ohun tí ó ń fẹ́ omi púpọ̀ a dúró de òjò. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ṣíwájú méjèèjì, ìyẹn ohunkóhun tó lè ṣe ọmọ ní jàǹbá lóru òní.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ní alẹ́ Ọjọ́rú kan, kò sì gbà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Mo rìn yí ká ilé, mo kúnlẹ̀ kí ojú mi lè wà ní ìwọ̀n ojú ọmọ ọdún mẹ́ta, mo sì ń wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Mo rí kẹrosíìnì nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lábẹ́ tábìlì kíṣìnì. Mo rí ọṣẹ olómi aláwọ̀ ewé tí a rà lọ́jà nínú ike tí wọ́n ti kọ́kọ́ ta omi mímu sínú rẹ̀. Bí mo bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun mímu àwọn ọmọ, èmi pàápàá kò ní tètè dá a mọ̀. Mo rí oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá nínú àpótí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgò apakòkòrò DDVP kan tún wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, irú ìgò kékeré tí NAFDAC ti fòfin de títà rẹ̀ lọ́dún 2019, mi ò sì rántí ẹni tó gbé e wọlé. Mo kó gbogbo wọn kúrò. Kẹrosíìnì bọ́ sínú kégì tirẹ̀ tó ní ìdérí líle, a sì gbé e sí òkè níbi tí a ń tì. Kí gbogbo òbí mọ èyí: bí ọmọ bá ṣèèṣì mu kẹrosíìnì, a kì í fipá mú un bì, a kì í sì í fún un ní epo pupa, nítorí bí ó bá ń bì, kẹrosíìnì náà lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró; ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíá.

Sítóò àti kíṣìnì ló tẹ̀lé e, ibẹ̀ sì ni mo ti lo àkókò jù, nítorí eku. Ìbẹ̀rù mi kò ṣẹ̀yìn ibà Lassa, àìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ lọ́dún 1969 tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè. Ìpínlẹ̀ Ondó, tí ààlà wa jọ pa pọ̀, wà lára àwọn ibi tí ó ti máa ń pọ̀ jù ní Nàìjíríà, àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, láti bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin, ló sì máa ń le jù. Irú eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀, tí ó fẹ́ràn láti máa bá ènìyàn gbélé, ni kòkòrò àìsàn náà ń gbé nínú rẹ̀. Eku ọ̀hún kì í ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ, àwo tàbí ilẹ̀ lè ko ó ran ènìyàn. Bí ibà lásán ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ó wọ ara kó tó fara hàn. Òbí tó ti rò ó dé ibẹ̀ kò ní fi kọ́tìnnì ṣáájú sítóò mọ́.

Ọ̀nà tí à ń gbà nu ìgbẹ́ eku ṣe pàtàkì ju kíkánjú lọ. Lọ́dún tó kọjá, ìgbálẹ̀ ni mo fi gbá a lóru yẹn, àṣìṣe gbáà sì ni, nítorí pé ìgbálẹ̀ gbígbẹ máa ń gbé eruku rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ní báyìí, mo ń ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, mo ń wọ ìbọ̀wọ́, mo sì ń po ife bílíìṣì kan mọ́ ife omi mẹ́sàn-án. Mo máa ń wọ́n ọn sórí ìgbẹ́ náà títí yóò fi rin gbingbin, màá fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà ni màá wá fi ákísà tí a óò jù nù kó o. Àdàpọ̀ náà kì í pẹ́ kó tó dẹ̀, nítorí náà èyí tí mo máa lò lọ́jọ́ kan ni mò ń pò. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ po bílíìṣì mọ́ oògùn ìfọ-ilé-ìyàgbẹ́, bí ó ti wù kí ìdọ̀tí le tó, nítorí èéfín tó ń jáde nínú àdàpọ̀ méjèèjì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ nínú yàrá kékeré. Àwọn ọmọ kì í sún mọ́ apá iṣẹ́ yìí rárá.

Lẹ́yìn náà ni oòrùn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. A kó gbogbo oúnjẹ inú sítóò síta. Iṣu tí eku ti fẹnu kàn, jíjù la jù ú nù, ó sì dùn wá, nítorí pé iyán kì í ṣe oúnjẹ kékeré nílé Èkìtì, iṣu kì í sì í pọ́ọ́kú ní oṣù Kẹta. A sá ẹ̀wà àti èlùbọ́ sínú atẹ tí a gbé sórí tábìlì, ẹnì kan sì jókòó tì wọ́n. A kì í tẹ́ wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì mọ́ níbi tí eku ti lè rìn gba orí wọn kọjá. Nígbà tí ẹ̀wà ti gbẹ tó sì tutù, a rọ ọ́ kún inú kégì dé ẹnu, a sì dé e pinpin. Kòkòrò tó bá kù nínú rẹ̀ yóò kú nítorí àìrí afẹ́fẹ́ mí, kò sí ìdí kankan láti da oògùn sí oúnjẹ tí ọmọ yóò jẹ. Inú kégì àti dúrọ́ọ̀mù onídèérí ni gàrí àti èlùbọ́ náà wà ní báyìí. Ọkọ mi fi sìmẹ́ǹtì dí ihò tó wà nídìí ògiri àti àyíká páìpù, torí pé bí ògiri bá lanu, kì í ṣe aláǹgbá nìkan ló ń wọlé. Ìyá ọkọ mi fi ológbò kan ránṣẹ́ láti Ìjerò, ó sì ti di ti àbíkẹ́yìn pátápátá.

Òrùlé gba Sátidé kan péré. Káfíńtà gorí páànù, ó pààrọ̀ àwọn ìṣó tó ti yọ, ọkọ mi dúró tì í nílẹ̀, wọ́n sì gbọ́n ewé gbígbẹ kúrò nínú gọ́tà. Lọ́jọ́ kan náà la sá fóòmù, ìrọ̀rí àti kúbùsù láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ìyípadà tí mo rí nínú èyí ga, nítorí pé ọmọ wa kejì ní ikọ́ fée, eruku inú fóòmù kì í sì í jẹ́ kó sùn dáadáa lásìkò ọyẹ́. Fáánù rẹ̀ náà, àpò ìrọ̀rí ògbólógbòó kan ni mo fi bọ apá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fà á jáde, eruku sì kù sínú àpò dípò kó já lé ibùsùn. Òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì parí rẹ̀ sí ilẹ̀. Ákísà tútù ni kí a lò, kì í ṣe gbígbẹ.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn nìkan ni mo yọ sọ́tọ̀ nínú ìlànà pé kí ohun fífọ̀ dúró de òjò, nítorí òjò ló ń mú ẹ̀fọn wá, ọpọ́n omi kan ṣoṣo sì ti tó o. Ọṣẹ jẹ́jẹ́ ni à ń fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe bílíìṣì, abẹ́ ibòji la sì ń sá a sí kí oòrùn má baà ba oògùn ara rẹ̀ jẹ́.

Àwọn ọmọ kó ipa tiwọn. Àkọ́bí nu gíláàsì fèrèsé, èkejì ṣa agolo àti ike tó lè gbomi dúró nínú ọgbà, nítorí pé ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Àbíkẹ́yìn ń gbé ákísà lé mi lọ́wọ́, iṣẹ́ náà sì falẹ̀ nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó mọ̀ pé ilé yìí tirẹ̀ ni. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ìwé àtijọ́, bàtà tó ti kéré: ìsinmi ìparí sáà kejì ni mo fi wọ́n sí. Kò sí ewu nínú aṣọ tí a kò tíì ká.

Ní gbogbo àkókò yìí, pálọ̀ wà bí ọyẹ́ ṣe fi í sílẹ̀, àyàfi àga tí mo fi ákísà tútù nù. Àlejò wá, wọ́n rí eruku lára kọ́tìnnì, mo gbé omi fún wọn, a sì jọ sọ̀rọ̀.

Òjò dé ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá pẹ̀lú ìjì líle. Èmi àti ọkọ mi, tó ti gba ìsinmi lọ́sẹ̀ náà, dìde, a lọ dúró sínú yàrá àwọn ọmọ, a gbé etí sókè sí àjà fún ìgbà pípẹ́. Omi kan kò kán. A jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ yẹn ṣàn lọ pẹ̀lú eruku àti ìgbẹ́ aláǹgbá tó ti gbẹ sórí páànù láti ìgbà ọyẹ́, a kò gbe ohunkóhun sí i. Ti Ọjọ́ Àìkú la gbe, dúrọ́ọ̀mù méjì kún, mo sì fi aṣọ mímọ́ de ẹnu wọn dáadáa kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Kọ́tìnnì mẹ́jọ ṣì wà lókè lójú fèrèsé bí mo ti ń kọ èyí. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọn yóò sọ̀ kalẹ̀.