Bátìrì Etí

Inú bọ́ọ̀sì Nyanya, l'Abúja, ni mo wà láàárọ̀ yìí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró, mo ń ka ìtàn kan lórí fóònù: wọ́n ti fi ẹ̀rọ sójú gbogbo ènìyàn, ẹni tí kò bá san owó oṣù, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Mo ń rẹ́rìn-ín. Ṣebí 2024 ni Neuralink, ilé-iṣẹ́ Elon Musk, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀rọ tiwọn sínú ọpọlọ ènìyàn àkọ́kọ́.

Mo kí màmá tó jókòó tì mí, wọn ò dáhùn. Wọ́n yọ nǹkan kan létí, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i.

“Má bínú, ọmọ mi. Bátìrì etí mi ló kú.”

Ẹ̀rín mi gbẹ. Títí a fi dé oríta AYA, ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ̀yin náà ti rí irú ẹ̀ rí?