Bọ́ọ̀lù tó kọ́ CMM kò lè jẹ́rìí fún un

Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, bọ́ọ̀lù seramiki kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì CMM, ẹ̀rọ tó ń fi orí abẹ́rẹ́ kan nǹkan láti wọn bó ṣe tóbi tó. Òun ni wọ́n fi ń sọ fún ẹ̀rọ bí orí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó, òun náà ni wọ́n tún ń wọ̀n láràárọ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ṣì péye. Tí a bá wá gbé àṣà yìí lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ kó máa dá a ṣe, irọ́ la ní kó máa tún pa lójoojúmọ́.

Ẹ wò ó báyìí. 24.9786 mm ló wà nínú sátífíkéètì bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà gbé 7 àti 8 gba ipò ara wọn, ó tẹ 24.9876. Ẹ̀rọ gbà pé bọ́ọ̀lù fi máíkírọ̀n 9 (máíkírọ̀n kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mm) tóbi ju bó ṣe rí lọ, ó sì ka orí abẹ́rẹ́ sí ohun tó fi máíkírọ̀n 9 kéré. Tẹ́ ẹ bá ní kó tún bọ́ọ̀lù yẹn wọ̀n, 24.9876 ló máa bá yín mú wá, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n gbogbo ihò tó bá wọ̀n lọ́jọ́ náà á fi 9 kéré jù, gbogbo ọ̀pá á fi 9 tóbi jù.

Òrùka ìwọ̀n, bíi ti 50 mm, tó ní sátífíkéètì tirẹ̀, ló máa tú àṣìṣe yìí síta. Ẹ dè é mọ́ tábìlì síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní máa gbé e kiri. Àmọ́ òrùka ò lè sọ ohunkóhun nípa bí ẹ̀rọ ṣe ń rìn lórí ọ̀nà gígùn. Fún ìyẹn, ẹ wá àwo tó ní bọ́ọ̀lù ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti àárín bọ́ọ̀lù dé àárín bọ́ọ̀lù la ń wọ̀n níbẹ̀, nítorí náà ìtóbi orí abẹ́rẹ́ kò kàn án. Ká ní ojú ọ̀nà X àti Y kò dúró gún síra wọn mọ́, tí wọ́n fi máíkírọ̀n 10 yà lórí mítà kan. Lórí àwo onígun mẹ́rin dọ́gba, ìlà igun-sí-igun kan tó jẹ́ 500 mm á fi 2.5 gùn sí i, èkejì á fi 2.5 kúrú, ìyàtọ̀ wọn á sì di 5. Tí ẹ bá ń wọn ẹ̀gbẹ́ àwo nìkan, ẹ ò ní rí i. Àwo tó sùn lórí tábìlì kò dán Z, ọ̀nà òkè-sí-ìsàlẹ̀, wò. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan gbé e nàró.

Kí ètò kọ̀ǹpútà tó máa dá àyẹ̀wò yìí ṣe tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kó kọ́kọ́ ka ooru. 20°C ni àwọn sátífíkéètì yìí dúró lé. Irin tó gùn tó 500 mm á ti fi nǹkan bíi máíkírọ̀n 17 gùn sí i ní 23°C, álúmíníọ̀mù á sì tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Tí iná bá lọ lóru tí ẹ̀rọ amúlétutù sì kú, lẹ́yìn tí iná bá padà dé, afẹ́fẹ́ yàrá á ti tutù padà tipẹ́ kí òkúta gíránáìtì tí wọ́n fi ṣe tábìlì ẹ̀rọ tó tutù. Nítorí náà, kí sẹ́ńsọ̀ wà lára òkúta àti lára àwo, kì í ṣe lára ògiri nìkan. Bí ooru wọn bá ṣì ń yí ju ìdajì dígíríì lọ láàárín wákàtí kan, kí ètò náà dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí bọ́ọ̀lù, ibi 25 ni kó ti kàn án, bí ìlànà àgbáyé ISO 10360-5 ṣe ń lò ó, lẹ́yìn náà òrùka, lẹ́yìn náà àwo. Kó kọ ọjọ́, aago, ooru, nọ́ńbà abẹ́rẹ́ àti gbogbo ìyàtọ̀ sínú fáìlì CSV. Ẹ kó èsì 25 jọ kí ẹ tó fi ààlà sí i: standard deviation (ìwọ̀n bí èsì ṣe fọ́n ká sí) 2 fún ìkìlọ̀, 3 fún ìdádúró. Ààlà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ kọ ti fẹ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ á ti yà tipẹ́ kó tó kọjá a.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ètò náà tún ẹ̀rọ ṣe fúnra rẹ̀ láé. Kó ti iṣẹ́ pa, kó pe èèyàn. Kí ẹni náà fi aṣọ tí kì í já òwú sílẹ̀ àti ọtí isopropyl nu bọ́ọ̀lù, òrùka àti abẹ́rẹ́, kó tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́ẹ̀kan péré, kí èsì méjèèjì sì wà nínú fáìlì. Ẹni tó ń tún àyẹ̀wò ṣe títí tó fi máa yege, àṣìṣe ló ń bò mọ́lẹ̀.

Irú ìyàtọ̀ tó yọ á fi ibi tí wàhálà wà hàn. Bí bọ́ọ̀lù kò bá rí roboto mọ́ ṣùgbọ́n tí àwo péye, abẹ́rẹ́ ló tú tàbí ló dọ̀tí. Rúbì tí wọ́n fi ń fa ojú álúmíníọ̀mù máa ń gbé e mọ́ra. Bí gbogbo gígùn bá yà ní ìwọ̀n kan náà, ẹ wo ooru àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ fún bí irin ṣe ń gùn nínú ooru. Bí ìlà igun-sí-igun méjì bá pínyà, ẹ wo agbára atẹ́gùn tí ẹ̀rọ fi ń rìn, omi inú fílítà, àti ilẹ̀ tí ẹ̀rọ dúró lé.

Èyí kò gba ipò kàlíbréṣọ̀n (àyẹ̀wò kíkún) ISO 10360-2, tí í ṣe gígùn 5, ọ̀nà 7, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mẹ́ta: 105 lápapọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnjiníà bá fẹ́ wá ṣe é, ẹ jẹ́ kí ètò yìí ṣiṣẹ́ kí ẹnjiníà tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kó tún ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹnjiníà bá ṣe tán, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ èsì 25 tuntun láti ibẹ̀.