Ẹsẹ̀ Bàtà Kan Lọ́wọ́ Ọmọ Òṣómàáló

Ọdún 11 rèé tí mo ti ń jókòó kọ ìwé owó fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Iléṣà. Fóòmù àga mi ti jìn, ó ti gba ìrísí ìdí mi. Nígbà tí ìbàdí ń dùn mí, àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, àjókòójù ni. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń bá yín ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Tẹ́ ẹ bá wá jókòó kalẹ̀ bí àpò gààrí, ta ni kó máa tì í?"

Ó ní kí n máa dìde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí n kò bá ráyè, kí n sún síwájú àga, kí n na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, kí n ka ení dé ẹẹ́wàá, kí n yí ọrùn ẹsẹ̀ po, kí n tó na èkejì. Kò ṣáà sọ pé kí n bọ́ bàtà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bàbá kan tún wá béèrè ₦40,000 rẹ̀. Mo ní akápò kò sí nílé, kí wọ́n padà wá lọ́la. Ọ̀la kẹta nìyẹn. Bàbá ò fèsì, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò mí. Ojú wọn sú mi, ni mo bá di tèmi, mo bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ dáadáa. Mo fi agbára díẹ̀ kún tòsì.

Fìrì! Bàtà gba abẹ́ tábìlì kọjá, ó ba bàbá lójúgun. Àga onítáyà sì gbé èmi náà sẹ́yìn, ó di gbì lára kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì.

Bàbá mú bàtà, wọ́n yí i wò, wọ́n yẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ti jẹ sápá kan wò, wọ́n tì í bọ àpò dàńṣíkí. Wọ́n wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Òṣómàáló ni bàbá mi, aṣọ ló ń tà láwìn. Ìloro onígbèsè ló ti ń lóṣòó títí owó ó fi jáde. Òṣó lèmi náà máa ló níbí. Fún mi lówó mi, kí o gba bàtà."

Ìbọ̀sẹ̀ mi lu níbi àtàǹpàkò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tiro kọjá níwájú àwọn obìnrin tó ń gbowó, lọ sọ́dọ̀ akápò tí kò sí nílé. Ó wà nílé. Ẹ̀kọ ló ń mu.

Bàbá ka owó lẹ́ẹ̀mejì lórí òṣó. Wọ́n á ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ wọ́n dìde fùú, wọn ò fọwọ́ ti nǹkan kan, orúnkún wọn ò dún.

Tèmi ló dún, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ gba bàtà.