Lẹ́ǹsì Tó Wà Nílé Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Bí ẹ bá ti ń fi fíìmù ya fọ́tò láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹ wá fẹ́ ra kámẹ́rà dígítà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ megapixel (mílíọ̀nù àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) sùn ná. Méjìlá péré ti tó fún fọ́tò A4 tó mọ́ kedere. Ẹ kó àwọn lẹ́ǹsì yín jáde nínú àpò, kí ẹ yí ìdí wọn síta, kí ẹ wo irú ẹnu tí wọ́n fi ń wọ kámẹ́rà. Kámẹ́rà á gbó, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́ǹsì gidi á ṣì wà.

Ọ̀dọ̀ Nikon ló rọrùn jù. Ẹnu F wọn ti wà láti 1959, lẹ́ǹsì àtijọ́ sì ṣì ń wọ DSLR wọn (kámẹ́rà dígítà tó ní dígí ìwòjú nínú). Èyí tó jẹ́ AI (irú tí òrùka rẹ̀ ń sọ ihò tí ẹ yàn fún kámẹ́rà), tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977, ń bá D700 àti D7000 ṣiṣẹ́ dáadáa: ẹ kọ milimítà lẹ́ǹsì náà àti ihò rẹ̀ tó tóbi jù sínú Non-CPU lens data nínú mẹ́nù, kámẹ́rà á sì máa wọn ìmọ́lẹ̀ fún yín. Èyí tó ṣáájú AI, tí wọn kò tíì gé òrùka rẹ̀, ẹ má fi dán an wò lára àwọn wọ̀nyẹn, torí ó lè ṣẹ́ irin kékeré tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu kámẹ́rà. Ó ń wọ D3200 láìsí jàǹbá, àmọ́ kámẹ́rà yẹn kò ní bá yín wọn ìmọ́lẹ̀ rárá. Orí M (manual) lẹ máa wà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣírò, ìyẹn kò sì lè ṣòro fún ẹni tó mọ òfin f/16 lábẹ́ oòrùn, tí a fi ń ṣírò ìmọ́lẹ̀ láìlo mítà.

Lẹ́ǹsì Canon FD, irú èyí tó ń wọ AE-1, ni èèyàn máa ń tìtorí rẹ̀ ṣi owó ná. Ní 1987 Canon gbé ẹnu EF dé, FD kò sì bá a mu. Láti ẹnu FD dé ojú fíìmù jẹ́ milimítà 42, ti EF jẹ́ 44. Milimítà méjì yẹn ló ń da nǹkan rú: lẹ́ǹsì á jìnnà sí sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń gba àwòrán dípò fíìmù) ju bó ti yẹ lọ, ohun tó wà nítòsí á mọ́, tòkèèrè kò ní mọ́ kedere. Àdápítà (òrùka tí a fi ń so lẹ́ǹsì mọ́ kámẹ́rà tí ẹnu wọn kò bára mu) tó ní dígí nínú lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n dígí olówó pọ́ọ́kú náà á tún ba àwòrán jẹ́. Mirrorless, ìyẹn kámẹ́rà tí kò ní dígí ìwòjú nínú, ni kí ẹ rà. Láti ẹnu E ti Sony dé sẹ́ńsọ̀ jẹ́ milimítà 18, nítorí náà òrùka irin lásán tó ga ní milimítà 24 ti tó. Bí ẹ bá so ó pọ̀ tí ṣọ́tà kọ̀ tí kò ṣí, kámẹ́rà kò bàjẹ́. Kò mọ̀ pé lẹ́ǹsì wà lẹ́nu òun ni. Ẹ wá Release w/o Lens nínú mẹ́nù, kí ẹ yí i sí Enable.

Ẹ tún wo bí sẹ́ńsọ̀ ṣe tóbi tó. Lórí APS-C, tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré ju fíìmù 35mm lọ, lẹ́ǹsì milimítà 28 yín á máa ríran bíi 42, 50 á di 75. Ẹni tó ń ya ẹbí mẹ́wàá nínú pálọ̀ kékeré á fi ẹ̀yìn gún ògiri. Full-frame tòkúnbọ̀, bíi Sony A7 ti 2013, ni mo fara mọ́ ju APS-C tuntun lọ: sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tó fíìmù 35mm gẹ́lẹ́, ẹ sì lè sọ ojú ẹni tí ẹ ń yà di ńlá nínú ihò ìwòran kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. DSLR olówó kékeré kò ní òbìrípo tó máa ń pín àwòrán sí méjì bíi ti kámẹ́rà fíìmù, ihò ìwòran rẹ̀ sì kéré, ní f/1.8, ọwọ́ á máa tàsé bí ẹ bá ń mú kó mọ́ kedere.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ gan-an ló máa ń dun ẹni tó mọ iṣẹ́ fíìmù. Nẹ́gẹ́tíìfù ń gba ìmọ́lẹ̀ àlékún; òkùnkùn ni kì í fẹ́. Òdìkejì rẹ̀ ni dígítà. Léèsì funfun tó bá ti jó lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè dá iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ padà. Ẹ ya RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe), ẹ tan ìkìlọ̀ tó ń ṣẹ́jú níbi tó ti funfun jù, kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù sí -0.7 títí ìkìlọ̀ náà yóò fi kúrò lára aṣọ, lẹ́yìn náà kí ẹ mú ojú tó ṣókùnkùn mọ́lẹ̀ sí i nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ má dín in kù jù ú lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú á kún fún wóró-wóró.

Kí ẹ tó sanwó tòkúnbọ̀, ẹ kọ lẹ́ǹsì sí ojú ọ̀run ní f/16, kí ẹ má jẹ́ kó mọ́ kedere, kí ẹ yà á lẹ́ẹ̀mejì. Àmì dúdú tó bá dúró sójú kan nínú méjèèjì, eruku orí sẹ́ńsọ̀ ni. Fíìmù a máa kó eruku tirẹ̀ lọ bí ẹ bá ti yí i, sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ni yóò wà níbẹ̀ títí. Rọ́bà tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ẹnu, torí itọ́ kì í tán lójú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ dojú ẹnu kámẹ́rà kọlẹ̀ bí ẹ bá ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì.